Bádéjọ Onísónò Tó Dáná Sun Ohùn Olóògbé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá fi sílẹ̀. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹnì kan ti tàbùkù yín, tí ẹ sì ń wá bí ẹ ó ṣe gbẹ̀san.

1.
Bádéjọ ni onísónò, ìyẹn alábòójútó ẹ̀rọ ohùn, ní gbọ̀ngàn ayẹyẹ kan ní Bonamoussadi, ní ìlú Douala. Máìkì, sípíkà, iná, gbogbo rẹ̀ ló wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ṣèyífúnmi, olórí akọrin ìjọ wọn, tó ń ta páàtì mọ́tò ní ọjà Nkololoun, ló mú un lọ bá ọ̀gá gbọ̀ngàn náà nígbà tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́.

Nígbà tí àìsàn pa Ṣèyífúnmi, gbọ̀ngàn yẹn náà ni wọ́n gbà fún ìsìn ìrántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn akọrin ní Kọ́lápọ̀, onísónò mìíràn, ni yóò ṣe sónò, torí ó mọ orin wọn. Ọ̀gá gbà fún wọn. Ó ní kí Bádéjọ ṣáà fún wọn níná, kó sì dúró tì wọ́n.

Kọ́lápọ̀ kó ẹ̀rọ tirẹ̀ dé, ó wo àwọn sípíkà Bádéjọ.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí lẹ fi ń ṣiṣẹ́? Ti àwọn tó ń polówó oògùn eku lọ́jà mà nìyí."

Àwọn akọrin bú sẹ́rìn-ín. Bádéjọ náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Ó dáa. Èmi pẹ̀lú rẹ ni."

2.
Jẹnẹrétọ̀ gbọ̀ngàn náà kò dára mọ́. Iná rẹ̀ máa ń ga jù, ó ń jó ẹ̀rọ. Bádéjọ fúnra rẹ̀ ló ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má lò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrántí, ó yọ wáyà gbogbo ẹ̀rọ tirẹ̀ kúrò lára iná. Ó fi ti Kọ́lápọ̀ sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe pé inú bí i lójijì. Ó jókòó, ó rò ó.

3.
Ìyá olóògbé wá láti Ìkìrun. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti fojú kan ọmọ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Larissa, ìyàwó Ṣèyífúnmi, ọmọ Douala tí Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, mú fóònù ọkọ rẹ̀ wá.

"Maman, ó bá yín sọ̀rọ̀ sínú èyí kó tó kú. Ó ní kí gbogbo ìjọ bá yín gbọ́. Mi ò fi ránṣẹ́ sí ẹnì kankan."

Fóònù náà ti gbó, kì í dá dúró láìsí iná. Kọ́lápọ̀ so ó mọ́ iná, ó so ó mọ́ sónò.

Bádéjọ ti wà nínú yàrá iná lẹ́yìn gbọ̀ngàn, kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ó ń yọjú lójú fèrèsé. Bó ṣe rí i tí Kọ́lápọ̀ dìde, tí ojú gbogbo èèyàn wà lára rẹ̀, ó yí iná sórí jẹnẹrétọ̀.

Kí iná náà tó gbéra, ohùn kan jáde.

"Màámi, èmi ni. Ẹ má sunkún…"

Bádéjọ dá ohùn náà mọ̀. Ó na ọwọ́ padà, ó ti pẹ́ jù. Sípíkà bú gbàù, fóònù jó, èéfín sọ, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ìyá ti dìde dúró, ó ń wo òkè bí ẹni tí wọ́n pè.

4.
Kò sí alátùn-únṣe fóònù tó lè jí i. Ọ̀gá gbọ̀ngàn béèrè pé, "Gbogbo ẹ̀rọ ló jó. Kí ló dé tí o ti yọ tìẹ?" Ọjọ́ yẹn ni wọ́n lé Bádéjọ lẹ́nu iṣẹ́. Òkìkí ọ̀rọ̀ náà kàn dé àdúgbò Logbaba, kò sí ìjọ tó tún pè é. Kọ́lápọ̀ ńkọ́? Ó ra ẹ̀rọ mìíràn, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Bádéjọ lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà.

"Sọ̀rọ̀, kí n gbọ́ ohùn rẹ."

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Kọ́lápọ̀ ni mo ń bá jà."

"Ó tó. Mi ò ní ṣépè. Ohùn ọmọ mi ni mo wá gbọ́, tìẹ ni mò ń gbé lọ sílé. Bí wọ́n bá bi mí ní Ìkìrun pé kí ni Ṣèyífúnmi sọ gbẹ̀yìn, orúkọ rẹ ni màá dá fún wọn."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹni tó fi yín ṣẹ̀sín lónìí lè gbàgbé lọ́la. Ohun tí ẹ bá fi gbẹ̀san ni kò ní gbàgbé yín. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.