Ààlà Inú Kọ̀ǹpútà

"Sún ààlà yẹn kọjá odò!" Bàbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ayàwòrán.

"Dádì, géèmù ni. Wọ́n kàn máa fi jagun ọba lórí fóònù ni."

Agara ti dá ayàwòrán náà. Ìrọ̀lẹ́ yìí ni ọ̀gá rẹ̀ ń retí máàpù ogun náà. Orúkọ ìlú inú rẹ̀, àfọwọ́dá ni gbogbo wọn. Àmọ́ nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ kọ̀ tí kò rí odò àti òkè yà mọ́, èyí tó wà láàárín Ọ̀fà, ìlú bàbá rẹ̀, àti ìlú àna rẹ̀ ló yà síbẹ̀. Kò mọ̀ pé ojú bàbá òun yóò dá ibi tí odò náà ti yà gba abẹ́ òkè kọjá mọ̀.

"Géèmù kẹ̀? Oko kaṣú bàbá mi lo yà fún wọn yẹn!"

Ìyàwó ayàwòrán náà, ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé, gbé omi wọlé. Ó wo máàpù náà, ó sì rọra gbé ife kalẹ̀.

"Dádì, ẹ má bínú o. Ilẹ̀ bàbá tèmi nìyẹn."

"Ilẹ̀ ta ni?"

Ayàwòrán náà ò lágbára ẹjọ́ mọ́. Ó mú máọ̀sì, ó fi búlúù kun gbogbo ilẹ̀ náà, ó sọ ọ́ di adágún omi.

"Ó tán. Kò sí oko, kò sí ilẹ̀. Omi ni."

Ó mí kanlẹ̀, ó na ọwọ́ sí ife omi rẹ̀.

"Ẹja inú ẹ̀ ńkọ́?" ni bàbá rẹ̀ bèèrè.

"Tiwa ni," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn.