Bí Ìgbìmọ̀ Káńtì Ṣe Tún Afárá Wa Ṣe

Ardith opó ṣì wà láyé nígbà náà. Òun ló dìde níwájú ìgbìmọ̀ káńtì wa, àwọn tó ń ṣàkóso agbègbè wa, tó ní, "Alága, ilé mi jóná. Ọkọ̀ panápaná dúró sẹ́sẹ̀ afárá, torí àkọlé ibẹ̀ ní kò lè gbé ju tọ́ọ̀nù márùn-ún lọ. Ẹ tún un ṣe kó tó kan ẹlòmíì. Ilé tiyín náà wà lódìkejì!"

"Màmá, kò sówó," ni alága wí. "Ṣùgbọ́n a lè fi òfin tún un ṣe. Ta ló gbà pé kí àkọlé di ogún tọ́ọ̀nù?"

Gbogbo wọn nawọ́.

"Àbí ọ̀dà tí ẹ fi kọ àkọlé ló ń gbé ọkọ̀ ni?" ni Ardith bi wọ́n.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta tí a fún yín láti sọ̀rọ̀ ti pé, Màmá. Ẹ jókòó."

Láti ọjọ́ náà, ọ̀nà ẹ̀yìn òkè tó jìnnà ni alága ń gbà relé, gbogbo wa la sì ń rí i.

Nígbà tó dọdún kejì, àìsàn ọkàn gbé e ṣánlẹ̀ nílé. Awakọ̀ áńbúláǹsì dé ẹsẹ̀ afárá, ó ka àkọlé tuntun, ó mirí.

"Alága fúnra rẹ̀ kì í gba ibí," ló wí, ó sì yí ọkọ̀ sí ọ̀nà ẹ̀yìn òkè.

Kó tó délé alága, alága ti kú.