Aṣọ Ìnujú Lápò Lọ́yà

"Ẹ má sunkún o, ìyá," ni lọ́yà tún sọ lẹ́nu ọ̀nà kóòtù. "Tí ẹkún bá da ọ̀rọ̀ yín rú, kò ní yé wọn." Ó gba aṣọ ìnujú ọwọ́ ìyá náà, ó tì í bọ àpò ara rẹ̀.

Obìnrin náà, tó sá ogun wá tọrọ ààbò, gbé ẹkún mì. Níwájú adájọ́, ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe dáná sun ilé mọ́ ọmọ rẹ̀ lórí. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n.

Adájọ́ bọ́ awò ojú. "Ta ló ń sọ ikú ọmọ bí ẹni ń ka ìròyìn? Mi ò gbà á gbọ́. Ẹ dá a padà síbi tó ti wá."

Obìnrin náà rọra fa lọ́yà lápá aṣọ.

"Lọ́yà mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láṣọ ìnujú mi. Ṣé mo lè wá sunkún báyìí?"