Aládùúgbò Láti Ẹnu Odò

"Abúlé tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Ọba gan-an lẹ ń gbé?" onídìrí bi obìnrin tó ń dirun fún ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní St. Georg, àdúgbò kan ní ìlú Hamburg.

"Bẹ́ẹ̀ ni, níbi tí odò ti ń wọ òkun. Aládùúgbò lásán ni wá."

"Ta ló wá júwe mi fún yín?"

Oníbàárà ní kó má fa irun náà le jù. Ara fu onídìrí, ó tún fà á le sí i.

Ilẹ̀kùn ṣí. Fọlájìmí, àbúrò ọkọ onídìrí, ló ti Berlin dé. Kí onídìrí tó kúnlẹ̀ kí i bíi ti ìyàwó ilé, oníbàárà ti fò sílẹ̀ lórí àga, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó fi orúkọ tí ìyàwó ilé máa ń fún àbúrò ọkọ kí i.

"Ẹ káàbọ̀, Akọ̀wé mi."

Fọlájìmí ò lè wo ojú onídìrí.

"Ẹ dìde, ìyàwó wa," ó sọ fún oníbàárà.