Ohun Tó Ń Kan Ara Wúrà

Ọṣẹ ìfọṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ lé jáde nínú ilé. Morákinyọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé páálí méjì tí wọn ò tíì ṣí lọ sínú agolo ìdọ̀tí níwájú ilé wọn ní Becontree, ní London. Ibi iṣẹ́ ló ti ń rà wọ́n ní ẹ̀dínwó, ilé ìkẹ́rùsí kan ní Dagenham Dock tí wọ́n ti ń di ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú sínú páálí láti alẹ́ di ìdájí. Rosemary, nọ́ọ̀sì tó ń bá wọn tọ́jú awọ ara Wúrà, ọmọ wọn, ti ní òórùn dídùn inú irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ lè máa bá ọmọ jà.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Wúrà. Iwájú orí rẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀ pọ́n, wọ́n gbẹ, wọ́n sì ń yún un tọ̀sán-tòru. Ìgbà ọ̀tútù tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn tí Morákinyọ̀ ríṣẹ́ yìí, gbogbo wọn sì gbà pé ọ̀tútù ni. Àwọn àgbà ní bí a bá ń wo dídùn ifọ́n, a ó họra dé egungun, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún ọmọ ọdún mẹ́rin?

Rosemary ní kí Fọlákẹ́, ìyá ọmọ, kọ gbogbo ohun tó ń kan ara Wúrà sílẹ̀, kí ó máa yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fọlákẹ́ lẹ ìwé náà mọ́ fíríìjì. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì yàrá kúrò nílẹ̀, ó sì fa ìlà lé e lórí ìwé. Ó kó súwẹ́tà onírun àgùntàn fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ó ra aṣọ òwú. Ó gé èékánná ọmọ kúrú. Omi gbígbóná di omi lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n ń pa ẹ̀rọ amúlégbóná ní yàrá ọmọ, Fọlákẹ́ sì jáwọ́ nínú lọ́fíńdà. Ìgbà mẹ́rin lóòjọ́ ló ń fi ìpara tó nípọn tí wọ́n fún wọn pa ọmọ lára.

Ohun kan kò sí nínú ìwé náà. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi wá ọmọ kí wọ́n tó bí Wúrà. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Wòlíì Dávídì ti ṣọ́ọ̀ṣì wọn sọ fún Morákinyọ̀ pé láràárọ̀, kí ó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kí ó tó fi omi kan ara, kí ó gbé ọwọ́ lé ọmọ náà, kí ó súre fún un. Kò pa á jẹ rí. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á fi ọwọ́ méjèèjì ra ọmọ lórí wá sí ojú, wá sí ọrùn, á ṣe àmín, á sì lọ sùn. Àdúrà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ mọ́ ọṣẹ àti súwẹ́tà.

Ó wá kan aṣọ ìnujú Màmá. Màmá ni ìyá Fọlákẹ́, tó wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó láti bá wọn mójú tó ọmọ. Láràárọ̀, tí ilé bá ti pa rọ́rọ́, ó máa ń fi ògbólógbòó aṣọ kan àti omi lásán nu ojú Wúrà. Morákinyọ̀ ní òun ò fẹ́ rí wọn fín, àmọ́ aṣọ yẹn kò mọ́. Fọlákẹ́ rò ó títí, ó lọ bá ìyá rẹ̀ nílé ìdáná.

"Mama, ẹ má bínú," ó ní. "Nọ́ọ̀sì ní ká máa yọ gbogbo ẹ̀ one by one. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nu ojú ẹ̀ mọ́."

Màmá fẹ́ sọ nǹkan. Ó wo òkè, níbi tí àna rẹ̀ ti ń sùn, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó ká aṣọ náà sínú báàgì. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní kí wọ́n bá òun yí ọjọ́ ìrìnàjò òun padà. Ó dùn ún, ó sì dun Fọlákẹ́ náà.

Lẹ́yìn tí Màmá lọ, ara Wúrà burú sí i. Ìpéǹpéjú rẹ̀ wú, ọrùn rẹ̀ ń ṣomi. Wọ́n ń fi ìbọ̀sẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kó tó sùn. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ pè lẹ́ẹ̀mejì pé kí wọ́n wá mú un lọ sílé. Morákinyọ̀ kì í ṣiṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé, tó bá sì fi máa di ọjọ́ Ìsinmi, ojú ọmọ á ti rọ̀ díẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á rí i, wọ́n á dúpẹ́. Tó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, á tún ti pọ́n. Ó wá dà bíi pé ilé àwọn fúnra rẹ̀ ni kò fẹ́ràn ọmọ náà, Fọlákẹ́ kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ilé kúrò nínú ìwé.

Ní Ọjọ́rú kan, Morákinyọ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá ẹ̀jẹ̀ lára ìrọ̀rí.

"Daddy, ó ń itch mi," Wúrà wí.

Morákinyọ̀ gbàdúrà gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí ọmọ ń sunkún, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló fi nu omijé rẹ̀. Òun náà ń sunkún. "Mummy Wúrà," ó ní fún ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, "àdúrà nìkan ló kù lọ́wọ́ mi."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Fọlákẹ́ fa ìlà lé ohun tó kẹ́yìn nínú ìwé, ó sì pe Màmá lórí fóònù. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó foríji òun. Ó ní àwọn ti yọ gbogbo nǹkan, kò sí ohun tó kù, ọmọ sì ń kú lọ lójú àwọn.

Màmá ní, "Fọlákẹ́, mi ò lè la ẹnu mi sọ fún àna mi pé ọwọ́ tó fi ń súre fọ́mọ ò mọ́, ìyẹn ni mo ṣe máa ń dúró kó lọ sùn, ta wá ló ń bá mi nu ọṣẹ ibiṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ yẹn kúrò lójú ọmọ báyìí?"