Àṣírí Èjìká Ọlọ́wọ́-òsì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ kà á kanlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

1.

Obìnrin kan wà tó ń so okùn rákẹ́ẹ̀tì. Ìwọ tó ń kà á, ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ gidi ni? Bí àwọn obìnrin tó ń fi tẹníìsì jẹun bá ń díje nínú gbọ̀ngàn, okùn rákẹ́ẹ̀tì wọn kì í pẹ́ já, ẹnìkan ló sì gbọ́dọ̀ máa so òmíràn sí i. Ọdún mẹ́rìndínlógún lobìnrin yìí ti ń ṣe é. Yàrá rẹ̀ kò ní fèrèsé, abẹ́ ìjókòó àwọn òǹwòran ló wà. Bí èrò bá pàtẹ́wọ́ lókè, àjà á máa gbọ̀n, ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ kì í yẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó fi ń so okùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ọwọ́-ò-gbọ̀n.

Ibì kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀: ó fẹ́ràn ìtọpinpin. Bó o bá sín lẹ́ẹ̀mejì, á fẹ́ mọ ohun tó fà á.

2.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń fọwọ́ òsì gbá bọ́ọ̀lù wọ ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Àtìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Ọwọ́-ò-gbọ̀n ti ń so okùn fún un. Kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló máa ń ní kí wọ́n fa okùn òun le dé. Kò yí i padà rí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ohun tó kọ sára ìwé pélébé tó so mọ́ rákẹ́ẹ̀tì ni mọ́kànlélógún.

"Mọ́kànlélógún kẹ̀? Àbí ọmọ yìí ṣì í kọ ni?"

Okùn tó bá dẹ̀ máa ń ti bọ́ọ̀lù jìnnà láìjẹ́ pé apá lo agbára púpọ̀. Ta ló wá máa ń ṣọ́ agbára apá lò? Ẹni tí ibì kan ń dùn ni. Ó so okùn náà tán, ó yọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà ibi ìdánrawò, ó ń wò ó. Ọwọ́ ọ̀tún lọmọ náà fi gbé ìgò omi. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbé báàgì kọ́ èjìká. Ọwọ́ ọ̀tún náà ló fi ṣílẹ̀kùn.

Nígbà tó wá gba rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ kúuṣẹ́ o."

"Wojú mi dáadáa. Èjìká ni àbí ìgúnpá?"

Ọmọ náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà omijé lé ròrò lójú rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Èjìká ni. Dókítà ní tí n bá ti yẹra fún bọ́ọ̀lù tó ga, n lè parí ọ̀sẹ̀ yìí, kí n wá lọ sinmi. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, èmi, ẹ̀yin àti dókítà nìkan ló mọ̀. Màmá mi gan-an ò tíì gbọ́."

"Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Inú mi yìí nibojì rẹ̀."

3.

Ọmọ náà borí lọ́jọ́ yẹn, ó wọ àṣekágbá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àbúrò Ọwọ́-ò-gbọ̀n, onídìrí, fi ohùn ránṣẹ́ sí i: "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló máa gbé ife lọ́la? Àwọn oníbàárà mi ń jiyàn. Wọ́n ní okùn lásán lẹ mọ̀ ọ́n so, ẹ ò mọ nǹkan kan nípa eré."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un lára. Ó tẹ fóònù, ó ní, "Ta ni ò mọ eré? Gbọ́ o, èjìká òsì ọmọ yẹn ti bàjẹ́. Bọ́ọ̀lù tó bá ti ga ju orí lọ, kò lè rí i ṣe. Èmi tí mò ń so okùn rẹ̀ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Má sọ fẹ́nìkan o!"

Àbúrò yìí kì í ṣèèyàn burúkú. Irun ló ń dì, ọwọ́ rẹ̀ ò dilẹ̀, ló bá ní kí oníbàárà bá òun tẹ fóònù. Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù kan. Oníbàárà méje ló wà níjòókòó. Ọ̀kan ní kó fi ohùn náà ránṣẹ́ sóun, òun ò ní sọ fẹ́nìkan. Òun náà fi ránṣẹ́ sọ́kọ rẹ̀: "Má sọ fẹ́nìkan o." Ọkọ fi ránṣẹ́ sọ́rẹ̀ẹ́: "Má sọ fẹ́nìkan o." Kí oòrùn tó wọ̀, "má sọ fẹ́nìkan" ti dé etí akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹni tí ọmọ náà fẹ́ kojú.

4.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, Ọwọ́-ò-gbọ̀n jáde wá wòran. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni alátakò ti ń gbá bọ́ọ̀lù gíga sí èjìká òsì yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹwàá.

"Ó dà bíi pé wọ́n mọ̀. Ta ló sọ fún wọn?"

Ó ń rò ó síwá, ó ń rò ó sẹ́yìn. Ó wá rántí ohùn tó fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀. Kó tó gbójú sókè, ọmọ náà ti nà gba bọ́ọ̀lù kan, ó ké tòò, rákẹ́ẹ̀tì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́, ife sì di ti alátakò rẹ̀.

Wọn ò tíì gbé ife fẹ́ni tó gbà á tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe Ọwọ́-ò-gbọ̀n sọ́fíìsì. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ìdíje gbé fóònù sórí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn náà sọ̀rọ̀ dé "má sọ fẹ́nìkan o."

"Ohùn ta nìyí?"

"Tèmi ni, mà. Ẹ dákun, mi ò ní in lọ́kàn láti..."

"Bọ́ káàdì iṣẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ sílẹ̀."

5.

Ó wá ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn. Ó wólẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ títí. Ọmọ náà ò pariwo, èyí ló sì dùn ún jù.

"Àǹtí, ẹ bi mí, mo sì dá yín lóhùn, torí mo kà yín sí ìyá. Nígbà tẹ́ ẹ ti wá mọ̀ ọ́n, kí lẹ tún fẹ́ fi ṣe?"

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún èjìká náà, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ò padà sí ìdíje ńlá mọ́. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní tẹníìsì báyìí. Ọwọ́-ò-gbọ̀n wà ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta bàtà eré, níbi tó ti ń so okùn fún ẹni tó bá ń kọjá lọ. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi tẹníìsì jẹun tó tún jẹ́ fa rákẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ìtọpinpin ò ṣe nǹkan kan, ẹnu tí kò lè dákẹ́ lẹ́yìn ìtọpinpin ni ká bẹ̀rù. Àṣírí tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ, má fi fọ́nnu. Má sì fi "má sọ fẹ́nìkan" tan ara rẹ jẹ: ìwọ gan-an lo kọ́kọ́ sọ ọ́. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.