Ẹni Tó Bá A Di Ìdérí Mú

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Oyèdòkun ti ń fi àkísà dí ẹnu táǹkì ọkọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà Ìgbòho ni epo ti tán mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ó pàdánù ìdérí rẹ̀. Bàbá arúgbó kan yọ láti inú igbó, ó bá a di ìdérí táǹkì mú kí ó lè rọ epo inú kẹ́ẹ̀gì sí i. Ṣùgbọ́n bàbá náà ń wò ó láìṣẹ́jú, ara sì fu Oyèdòkun. Bí epo ṣe wọlé tán, ó wakọ̀ sá lọ, kò gba ìdérí rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ yìí, ó ti géètì ilé rẹ̀, ó fà á wò lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ń dé ìdérí tuntun. Ó yí i títí, kò dì. Ajá rẹ̀ rọra wọ abẹ́ ọkọ̀.

"Bàbá Bísí, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?" ìyàwó rẹ̀ bèèrè láti inú ilé.

Bẹ́ẹ̀ Oyèdòkun ò tíì la ẹnu bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

"Ìyẹn ò lè bá a mu," ohùn kan sọ lẹ́yìn rẹ̀. "Mo pè ọ́ títí lọ́jọ́ náà, o ò wẹ̀yìn."

Ọwọ́ eléruku kan na ìdérí àtijọ́ kọjá èjìká rẹ̀. Epo ṣì ń kán lára ìdérí náà.